Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ: Èrò Mi Lórí Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù Agbọ̀n

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa ń bá mi ká ọ̀rọ̀ níbí mọ̀ pé mo fẹ́ràn láti máa tú òwe palẹ̀. Lónìí, òwe méjì tó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ kan tí ẹ lè má retí lẹ́nu onímọ̀ ẹ̀dá-èdè: ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù agbọ̀n, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, àti bí a ṣe lè mọ ọmọ tí yóò di ògbóǹtarìgì nínú rẹ̀. Òwe kìíní sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe kejì sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ti àkọ́kọ́ ní kí á gba ojú gbọ́. Ti èkejì ní ohun tí ojú rí, àti iye tí ẹnu kà pàápàá, kò tíì tó ìdajì ọ̀rọ̀.

Èrò mi ni pé ojú àti ìṣirò ní láti jọ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ojú ló ń wá ọmọ rí. Ìṣirò ló ń yẹ ohun tí ojú rí wò. Ibi tí kò bá sí àkọsílẹ̀ kankan, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, gíga ọmọ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù tí ènìyàn yóò fi díwọ̀n rẹ̀, ewu ńlá sì ni èyí.

Kí ni ètò ìyàn?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ tó wà nínú NBA kì í kàn ya bo ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ bí ẹni ya bo ọjà. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ, wọn a sì máa yan ọ̀dọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìpele méjì. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní draft. Èmi yóò máa pè é ní ètò ìyàn. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò ṣe dáadáa ní sáà tó kọjá ló sábà máa ń kọ́kọ́ yàn, kí agbára lè yí ká. Ẹgbẹ́ tó bá ṣi ènìyàn yàn yóò fi owó àti ọdún púpọ̀ jìyà rẹ̀.

Nítorí ìdí èyí, irú òṣìṣẹ́ méjì ni wọ́n ń gbà. Èkínní ni aṣàwárí, ẹni tí ń rin ìlú kiri, tí ń jókòó sí etí pápá, tí ń wo bí ọmọ ṣe ń fò, bí ó ṣe ń ronú, bí ó ṣe ń ṣe nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ bá bá a wí. Èkejì ni oníṣirò, ẹni tí ń ka ohun tí ọmọ ti ṣe: iye àmì ayò tó gbà, iye bọ́ọ̀lù tó ta padà tó gbá mú, iye èyí tó dí mọ́ alátakò lọ́wọ́, àti iye ìṣẹ́jú tó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn jiyàn.

Ọmọ Èkó méjì, ipò kan náà

Ẹ jẹ́ kí á ti ilé wa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjì tí a bí ní Èkó ni wọ́n ti fi sí ipò kìíní nínú ètò ìyàn NBA: Hakeem Ọlájùwọ́n ní ọdún 1984, àti Michael Olowokandi ní ọdún 1998. Ẹsẹ̀ bàtà 7 ni ìwé kọ pé àwọn méjèèjì ga. Àwọn méjèèjì ni wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré náà.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ni Ọlájùwọ́n ń gbá ní Èkó kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù agbọ̀n nígbà tó tó bí ọmọ ọdún 15. Ní ọdún 1980, ó lọ sí Yunifásítì Houston. Ní sáà 1981 sí 1982, àmì 8.3 ló ń gbà nínú ìdíje kan ní ìpíndọ́gba. Ní sáà 1983 sí 1984, ó ti di 16.8; bọ́ọ̀lù tó ta padà tó ń gbá mú di 13.5, èyí tó ń dí mọ́ alátakò lọ́wọ́ sì di 5.6. Olowokandi ní tirẹ̀ dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1995, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ Yunifásítì Pacific ní California láago pé òun fẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wọn. Ní sáà rẹ̀ tó kẹ́yìn níbẹ̀, àmì 22.2 ló ń gbà nínú ìdíje kan.

Bí a bá fi iye nìkan wò ó, 22.2 ju 16.8 lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n iye dà bí àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì: ẹ kò ní gbà á sílé kí ẹ tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Níbo lo ti ń bọ̀? Ta ni o bá pàdé lọ́nà? Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́? Iye ti Ọlájùwọ́n dáhùn pé òun ti ibi ìdíje àṣekágbá gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà bọ̀, ní 1983 àti ní 1984, níbi tí àwọn òmìrán bí i Patrick Ewing ti dúró dè é; ọmọ ọdún 21 sì ni. Iye ti Olowokandi dáhùn pé òun ti àárín àwọn yunifásítì tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ bọ̀. Ọmọ ọdún 23 sì ni. Ọdún méjì kì í ṣe nǹkan kékeré níbi tí a ti ń díwọ̀n ohun tí ọmọ yóò dà lọ́la, nítorí ẹni tó dàgbà jù yóò máa borí àwọn ọmọdé lónìí láìjẹ́ pé ó ní ìdàgbàsókè púpọ̀ tó kù níwájú.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe parí. Ọlájùwọ́n gba ife pẹ̀lú Houston Rockets ní 1994 àti 1995. Bọ́ọ̀lù 3,830 tó dí kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò tíì sí ẹni tó kọjá rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ NBA. Olowokandi gbá ìdíje 500, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ àmì 8.3. Àwọn tí wọ́n yàn lẹ́yìn rẹ̀ lọ́dún náà ni Vince Carter ní ipò karùn-ún, Dirk Nowitzki ní ipò kẹsàn-án, àti Paul Pierce ní ipò kẹwàá.

N kò sọ èyí láti fi Olowokandi ṣẹ̀sín. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré ní ọmọ ogún ọdún, tó sì dé ipò kìíní láàárín ọdún mẹ́ta, ti ṣe gudugudu méje. Àwọn tó ka iye náà láìbi í léèrè, àwọn tí gíga rẹ̀ sì ti kún ojú wọn, ni ọ̀rọ̀ mi ń bá wí. Ìfẹ́ gíga yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ní 1984 kan náà, ẹgbẹ́ Portland tó ní ipò kejì fẹ́ ẹni gíga lójú méjèèjì. Wọ́n yan Sam Bowie, ẹni tí egungun ẹsẹ̀ tó sán ti gba sáà méjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Ẹni tí Chicago yàn ní ipò kẹta ni Michael Jordan.

Orúkọ tó fara pa mọ́

Ìtàn kejì yóò dùn mọ́ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn èdè. Ní ètò ìyàn ọdún 2013, ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks yan ọmọ ọdún 18 kan ní ipò 15. Giannis Antetokounmpo ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ta ló mọ̀, bí kò ṣe ọmọ Yorùbá tó fara balẹ̀, pé Adétòkunbọ̀ ló wà lábẹ́ lẹ́tà wọ̀nyẹn? Èdè Gíríìkì òde òní kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ìró /d/ àti ìró /b/ bí a ṣe ní i. Lẹ́tà tó dúró fún n àti t ni wọ́n ń so pọ̀ fún /d/. Lẹ́tà tó dúró fún m àti p ni wọ́n ń so pọ̀ fún /b/. Nígbà tí wọ́n wá kọ orúkọ náà padà sí lẹ́tà tiwa, wọ́n da lẹ́tà náà kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí Adé ṣe di Ante nìyẹn, tí bọ̀ sì di mpo. Ẹni tó bá ka lẹ́tà yóò ka ohun tó tọ́, kò sì ní rí orúkọ náà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni eré rẹ̀ rí. Ìpele kejì ní Gíríìsì ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Filathlitikos ní Áténì, àmì 9.5 péré ló sì ń gbà. Kò sí ìṣirò kan tí ìbá fi ìyẹn nìkan pe é ní ọba. Àwọn aṣàwárí tó lọ síbẹ̀ fi ojú ara wọn rí i pé ọmọ gíga yìí ń darí bọ́ọ̀lù bí ọmọ kúkúrú, apá rẹ̀ gùn, ó sì ṣì ń ga sí i. Ẹni tí wọ́n yàn ní ipò kìíní lọ́dún náà ni Anthony Bennett láti Kánádà, tí iye rẹ̀ ní yunifásítì dára púpọ̀. Kò lò ju sáà mẹ́rin lọ nínú NBA. Adétòkunbọ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù lọ ní 2019 àti 2020. Ní oṣù keje ọdún 2021, ó gba àmì 50 nínú ìdíje kan ṣoṣo tó fi gba ife fún Milwaukee.

Ojú náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀

Ẹnìkan lè wá sọ pé bí iye bá ń tan ènìyàn báyìí, kí á jù ú nù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2007, Daryl Morey, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, gba àkóso Houston Rockets. Ìṣirò rẹ̀ fẹ́ràn ọmọ Sípéènì kan tó ń jẹ́ Marc Gasol. Àwọn aṣàwárí rí fọ́tò ọmọ náà láìwọ ẹ̀wù, wọ́n rí ara rẹ̀ tó rọ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ ẹ̀sín. Orúkọ náà borí ìṣirò. Ẹgbẹ́ mìíràn ló yan Gasol ní ipò 48. Ní 2013, òun ni wọ́n dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí adáàbòbo-agbọ̀n tó ta yọ jù lọ nínú NBA. Michael Lewis sọ ìtàn yìí nínú ìwé rẹ̀ The Undoing Project tó jáde ní 2016, ó sì ní Morey fòfin de orúkọ ìnagijẹ lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ wo agbára ọ̀rọ̀! Oríkì a máa la ojú ẹni sí ìwà. Orúkọ ẹ̀sín a máa dí i.

Nínú iṣẹ́ tiwa pẹ̀lú, ọ̀nà méjì ni a fi ń mọ èdè. A lè kó ohun tí àwọn ènìyàn ti sọ jọ, kí á kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. A sì lè bi ọmọ abínibí èdè léèrè pé, "Ṣé a lè sọ báyìí?" Àkójọ ọ̀rọ̀ ń sọ ohun tí a ti sọ, ọmọ abínibí ń sọ ohun tó ṣeé sọ. Gbólóhùn kan lè máà sí nínú gbogbo ìwé tí a kó jọ, kí ó sì jẹ́ Yorùbá tó dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n gbogbo wa náà la ti gbọ́ ọmọ abínibí tó ní "a kì í sọ bẹ́ẹ̀," tí òun fúnra rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀ kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Aṣàwárí ni ọmọ abínibí yìí. Oníṣirò ni àkójọ ọ̀rọ̀. Ìṣirò mọ ohun tí ọmọ ti ṣe, ojú ń gbìyànjú láti rí ohun tó lè ṣe.

Ohun tí àwọn oníkòkó ti mọ̀ tipẹ́

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan Ore àti Odigbo? Ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, tí Ore jẹ́ olú ìlú rẹ̀, àwọn ènìyàn ti ń da ojú àti ìṣirò pọ̀ tipẹ́tipẹ́ lórí kòkó. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ kòkó wò kì í gbé gbogbo àpò là. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé káàkiri àgbáyé ni pé kí á mú hóró 300 láti inú oríṣiríṣi àpò, kí á fi ọ̀bẹ là wọ́n, kí á ka èyí tó bu, èyí tí kò kan dáadáa, àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Bí èyí tó bu bá ju 3 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe gíréèdì kìíní mọ́. Ìṣirò pọ́ńbélé nìyẹn.

Mo bá bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí òwò yìí ní Odigbo sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ọwọ́ mi á ti mọ̀ kí ọ̀bẹ tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mi bá sọ ọ̀tọ̀, tí ọ̀bẹ sọ ọ̀tọ̀, ti ọ̀bẹ ni mo ń gbà." Mo ní, "Bàbá, kí wá ni ọwọ́ wúlò fún?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọwọ́ ló mọ àpò tó yẹ kí ọ̀bẹ wọ̀."

N kò mọ ọ̀mọ̀wé tó lè sọ ọ́ jù báyìí lọ. Ọwọ́ ni aṣàwárí, ọ̀bẹ ni ìṣirò. Bí ọwọ́ kò bá lọ sí Áténì, ọ̀bẹ kò ní mọ̀ pé ọmọ Adétòkunbọ̀ kan wà níbẹ̀. Bí ọ̀bẹ kò bá sì la kòkó, ẹwà àpò lásán ni a ó máa rà.

Ìlú tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá

Ta ni kò mọ Ore? Ogun ọdún 1967 ló bí àṣà ìsọ̀rọ̀ "ó le kú, ìjà Ore." Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Benin, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Okìtìpupa ti ń yà fún ara wọn. Ìlú tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá ni, tí ẹni díẹ̀ ń dúró wò. Bí aṣàwárí bá tilẹ̀ gba ibẹ̀ lọ, kí ni yóò rí? Yóò rí ọmọ gíga tó dúró létí ọ̀nà. Kò ní rí ohun tí ọmọ náà ti ṣe, nítorí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyí. Ọmọ tí kò ní àkọsílẹ̀, gíga rẹ̀ nìkan ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú ìlérí òkè òkun lè wo gíga náà, kí ó ní kí òbí ta oko kòkó, kí ọmọ fi ilé ìwé sílẹ̀. Kí ni òbí yóò fi bi í léèrè? Kò sí iye kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè sọ fún un pé ọmọ òun tó bẹ́ẹ̀ tàbí kò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ kúkúrú tó ní ọpọlọ eré kò tilẹ̀ ní rí ẹni tó máa wò ó. Àwọn ọmọbìnrin wá ńkọ́? Ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà, D'Tigress, gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025. Ní Òlíńpíìkì Paris ọdún 2024, àwọn ni ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Síbẹ̀, ìgbà mélòó ni a ń ka ohun tí ọmọbìnrin ṣe lórí pápá ilé ìwé?

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò ná wa lówó. Ìwé àjákọ kan àti gègé kan tó. Kí olùkọ́ eré ìdárayá tàbí ọmọ kíláàsì kan tó mọ ìṣirò jókòó sí etí pápá, kí ó kọ ọjọ́ ìdíje, ilé ìwé tí wọ́n bá gbá, iye ìṣẹ́jú tí ọmọ lò, iye ìgbà tó ju bọ́ọ̀lù àti iye ìgbà tó wọlé, iye èyí tó ta padà tó gbá mú, iye èyí tó sọ nù. Kí ó má gbàgbé ìjù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún ẹni tí alátakò ṣẹ̀: ẹni tí ìyẹn bá ń wọlé fún déédéé, ó sábà máa ń kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn ọ̀la.

Lẹ́yìn iye, kí ó kọ gbólóhùn kan ní Yorùbá nípa ohun tí ojú rí. Ta ni èdè rẹ̀ tó tiwa níbi ká fi ọ̀rọ̀ ya ìrìn ènìyàn? Ọmọ méjì lè ga bákan náà, kí ọ̀kan máa fò fẹ̀rẹ̀, kí èkejì máa sáré wàràwàrà láìdé ibi kankan. Ọmọ kan yóò kọjá lára alátakò fìrì. Òmíràn yóò rọra yọ́ lọ sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, àkíyèsí ni wọ́n. Ẹni tó bá ní wọn lẹ́nu yóò rí ohun tí ẹni tí ń pariwo "ó ga, ó ga" kò rí.

Ó ku ohun kan, òun ló sì le jù: ọjọ́ orí. Gbogbo wa la mọ ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń fi "ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù" ṣe ní Nàìjíríà, níbi tí ọmọ ọdún 20 ti ń di ọmọ ọdún 16. Ẹ ti rí i lókè pé ọjọ́ orí wà lára ìbéèrè mẹ́ta tí a ń bi iye. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ irọ́, gbogbo iye tó kù di irọ́. Ẹni tó bá gé ọdún ọmọ kan kúrú ti gba ipò lọ́wọ́ ọmọdé tòótọ́ kan. Ó sì ti ba ìwé gbogbo ọmọ ìlú náà jẹ́, nítorí aṣàwárí tó bá jẹ ẹ̀tàn lẹ́ẹ̀kan kò ní gba ìwé ibẹ̀ gbọ́ mọ́.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Ojú aṣàwárí kò lè dé gbogbo pápá. Ìṣirò kò lè wọ inú ọkàn ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò lè ràn wá lọ́wọ́ bí a kò bá kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ore, ní Odigbo àti níbi gbogbo, ẹ ra ìwé àjákọ kan. Bí ọmọ náà kò bá tilẹ̀ dé NBA láéláé, yóò ti mọ̀ pé ẹnìkan wo òun dáadáa, ó sì kọ òtítọ́ nípa òun.

Kí ni èrò tiyín? Orúkọ wo ni ẹ sì rò pé ó yẹ kí á máa pe bọ́ọ̀lù tó ta padà ní Yorùbá? Mo ń retí ìdáhùn yín. Ire o.